Tíì Pu'er ilẹ̀ Ṣáínà: ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ di ọjà gidi

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ló mọ tíì aláwọ̀ ewé tí ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, èyí tí wọ́n ń sè lórí ẹyín iná, tí wọ́n ń dà láti òkè sínú ife kéékèèké títí yóò fi hó fùkẹ̀. Ẹni tí ń ta tíì yìí mọ̀ pé kò yẹ kí ó pẹ́ lórí àtẹ. Bí ó bá pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, òórùn rẹ̀ á lọ, oníbàárà tó bá rà á kò sì ní padà wá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ṣáínà kan náà, tíì mìíràn wà tí àwọn oníṣòwò ń rà, tí wọ́n ń gbé pamọ́ fún ọdún 10, ọdún 20, àní ọdún 30 pàápàá, kí wọ́n tó tà á tàbí kí wọ́n tó mu ún. Pu'er ni orúkọ rẹ̀.

Ọjà yìí ti sọ àwọn kan di olówó, ó sì ti kó àwọn mìíràn sí gbèsè. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń tà á fẹ́ràn láti máa sọ, pé bí ó bá ti ń gbó sí i ni òórùn rẹ̀ ń dùn sí i. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì ni pé ibi tí tíì náà ti gbó ló ń sọ bóyá yóò di ọjà olówó gọbọi tàbí ìdọ̀tí tí a ó dà nù. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló ń fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà tí ẹ ń dá a sílé de ìgbà ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo tíì yìí dáadáa: ibi tí ó ti ń wá, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò, bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀.

Òkè àti igbó tí ó ti ń wá

Agbègbè Yunnan ni ilé Pu'er. Ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì bá orílẹ̀-èdè Myanmar, Laos àti Vietnam pààlà. Ibi mẹ́ta tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nínú òwò yìí ni Xishuangbanna, Pu'er àti Lincang. Ilẹ̀ olókè ni, òjò ń rọ̀ níbẹ̀, kùrukùru sì máa ń bo orí òkè láàárọ̀.

Igi tíì ibẹ̀ ní ewé ńlá ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Bí a kò bá ń gé e, ó máa ń ga débi pé ẹni tó fẹ́ já ewé orí rẹ̀ ní láti gùn ún bí ẹni ń gun igi ọsàn. Àwọn kan nínú igi wọ̀nyí ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Àwọn ẹ̀yà bíi Blang, Dai àti Hani ló ń tọ́jú wọn láti ìran dé ìran. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ UNESCO fi igbó tíì àtijọ́ tí ó wà lórí òkè Jingmai, ní agbègbè Pu'er, sínú ìwé ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé.

Orúkọ ìlú ọjà kan ní ìgbà àtijọ́ ni wọ́n fi pe tíì náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ẹrù tíì sẹ́yìn ìbaaka àti ẹṣin, tí wọ́n ń gun òkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n á fi dé Tibet. Nígbà tó yá, orúkọ tíì yìí níyì débi pé ní ọdún 2007 ìjọba yí orúkọ ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Simao padà sí Pu'er. Láti ọdún 2008, ìlànà ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ti là á kalẹ̀ pé tíì tí yóò bá jẹ́ Pu'er gbọ́dọ̀ jẹ́ ewé ńlá ilẹ̀ Yunnan, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n sì ṣe ní àwọn ibi tí ìlànà náà dárúkọ ní Yunnan. Ohun tí wọ́n bá ṣe níbòmíràn, orúkọ mìíràn ni kó máa jẹ́.

Oríṣi méjì: sheng àti shou

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín sheng àti shou, kò tíì mọ Pu'er. Ara igi kan náà ni ewé méjèèjì ti ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà.

Nígbà tí wọ́n bá já ewé tán, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó rọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á yan án nínú agbada gbígbóná, wọ́n á máa fi ọwọ́ rò ó bí ẹni ń yan gàrí. Wọ́n á wá fi ọwọ́ lọ́ ọ, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ibi yìí gan-an ni Pu'er ti yàtọ̀ sí tíì aláwọ̀ ewé tí a mọ̀. Iná tí wọ́n fi ń yan tíì aláwọ̀ ewé máa ń le, kí ewé má baà tún yí padà mọ́. Iná ti Pu'er kò le tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ló sì ń gbẹ ẹ́. Nítorí náà, ewé náà ṣì lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ewé bá ti gbẹ, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná mú un rọ̀, wọ́n á dà á sínú àpò aṣọ, wọ́n á sì gbé òkúta wúwo lé e kí ó lè dì. Ó máa ń di ìṣù pẹlẹbẹ roboto bí àwo ìjẹun. Ìwọ̀n ìṣù tó wọ́pọ̀ jù ni gíráàmù 357. Wọ́n á fi ìwé wé ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó méje jọ, wọ́n á sì fi èèpo ọparun dì wọ́n. Ìdì méje yìí ń lọ sí kílò méjì àbọ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe báyìí tí wọn kò fi nǹkan mìíràn kún un ni sheng, ìyẹn ni pé ó ṣì tútù. Àsìkò nìkan ni yóò mú un gbó.

Shou ní tirẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá láti sáré ju àsìkò lọ. Láàárín ọdún 1973 sí 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tíì Kunming àti ti Menghai wá ọ̀nà tí ewé yóò fi dúdú, tí adùn rẹ̀ yóò sì rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀ dípò ogún ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe irú yóò tètè lóye rẹ̀. Bí a ṣe ń bo irú mọ́lẹ̀ kí ó lè móoru, kí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ sì yí padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó ewé tíì jọ bí òkìtì tó ga tó bíi mítà kan, tí wọ́n ń wọ́n omi sí i, tí wọ́n sì ń bò ó. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú òkìtì á sì gbóná dé ìwọ̀n 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á máa yí i lóòrèkóòrè kí ó má baà jóná láàárín. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 45 sí 60, shou ti délẹ̀.

Shou dára, owó rẹ̀ sì wà níwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọ̀ dúdú shou lè jọ ti sheng tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹnu, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó bá ta shou ọdún kan fún yín pé sheng àtijọ́ ni, ẹ̀tàn ló ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò

Wọn kì í sábà gbé Pu'er ka iná bí a ṣe ń gbé tíì wa ka iná níbí. Wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìṣù, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ewé má baà fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí ewé tó bá fọ́ máa ń tú kíkorò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gíráàmù 5 sí 8 ni wọ́n ń fi sínú abọ́ kékeré onídèérí tí ó ń gba omi bíi mìlílítà 100 sí 120. Omi tó hó dáadáa ni wọ́n ń dà lé e.

Omi àkọ́kọ́, kíá ni wọ́n ń dà á nù. Ó ń ṣan eruku kúrò, ó sì ń mú kí ewé tó dì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da omi mìíràn sí i, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 péré, wọ́n á sì dà á sínú ife. Ewé kan náà ni wọ́n á tún da omi lé, wọ́n á sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Tíì tiwa níbí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ewé rẹ̀ sábà máa ń gba omi. Pu'er tó dára lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó rẹ̀. Ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n mu ń wá ni bí adùn ṣe ń yí padà láti ife kan sí èkejì. Bí ife kẹta bá ti di omi lásán, ewé náà kò lágbára.

Sheng tí kò tíì lo ọdún púpọ̀ máa ń ní omi tó pọ́n rúsúrúsú bí oyin tí a là. Ó ń korò, ó sì ń fún ahọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe torí kíkorò nìkan dá a lẹ́jọ́. Ṣé ẹ mọ bí omi tútù ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ orógbó tán? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sheng tó dára ṣe ń ṣe. Kíkorò rẹ̀ kì í pẹ́ lọ, adùn á sì padà wá láti ọ̀nà ọ̀fun, yóò sì dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gbé ife kalẹ̀. Bí kíkorò bá jókòó sórí ahọ́n tí kò lọ, tí adùn kankan kò sì tẹ̀ lé e, ó ṣòro kí irú tíì bẹ́ẹ̀ di nǹkan gidi lọ́jọ́ iwájú. Èyí ni ìdí tí ẹni tó fẹ́ ra sheng tuntun pamọ́ fi gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ó tó rà á. Ìpamọ́ kì í sọ ewé burúkú di rere.

Sheng tó ti dàgbà níbi tó dára máa ń ní omi tó pọ́n, tó sì mọ́ gaara débi pé a lè rí ìsàlẹ̀ ife. Kíkorò rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó máa ń ki díẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń yọ́ wọ ọ̀fun. Òórùn igi gbígbẹ tàbí èso gbígbẹ máa ń wà lára rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní òórùn tó tutù bíi ti kàfúrà.

Omi shou dúdú bí omi àgbo tí a ti sè fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í sábà korò. Ó máa ń dùn díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Shou tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òkìtì máa ń ní òórùn tó wúwo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ọdún díẹ̀, òórùn náà á lọ.

Lẹ́yìn mímu, ẹ wo ewé tó kù nínú abọ́. Ewé sheng tó gbó dáadáa máa ń ní àwọ̀ igi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò rọ̀, yóò sì na bí ewé. Ewé shou dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì lè le tàbí kí ó fọ́ mọ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá pe tíì kan ní sheng ọdún 20, tí gbogbo ewé rẹ̀ sì dúdú tó ń fọ́ bí èédú, ẹ béèrè ìbéèrè.

Ohun kan tún wà o: Pu'er kì í jẹ́ kí oorun kun ènìyàn, nítorí èròjà tí ó wà nínú obì tí ń lé oorun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá tíì jẹun kò yẹ kó máa mu sheng tuntun, nítorí ó lè yọ ọ́ nínú.

Ilé ìpamọ́ ni iṣẹ́ wà

Ẹ fi ojú inú wo ìṣù méjì tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kan náà, láti ara ewé kan náà. Wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí Hong Kong, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ ní Kunming, olú ìlú Yunnan. Lẹ́yìn ọdún 20, ẹni tó bá tọ́ wọn wò lè má gbà pé ìbejì ni wọ́n.

Hong Kong wà létí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin púpọ̀. Àwọn ilé oúnjẹ ibẹ̀ ti ń fún àwọn oníbàárà wọn ní Pu'er láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí kíkorò rẹ̀ tètè lọ. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò máa ń kó o sí ilé ìkẹ́rùsí tó móoru tó sì lọ́rinrin, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o lọ síbi tó gbẹ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Tíì bẹ́ẹ̀ ń yára gbó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, tàbí tí olùtọ́jú bá sùn lọ, tíì á bu.

Kunming ní tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga, bíi mítà 1,900 sókè ìpele òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù díẹ̀, ó sì gbẹ. Tíì tó bá wà níbẹ̀ kì í sábà bu, òórùn òkè tí wọ́n ti já a sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbó rẹ̀ ń falẹ̀ gan-an. Ọdún 10 ní Kunming kò ju ọdún díẹ̀ ní Hong Kong lọ lójú àwọn kan tó ń tọ́ ọ wò.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ohun mẹ́ta ló ń mú Pu'er gbó: ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá kéré jù, tíì á sùn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, á jẹrà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa á mọ́ nílé ń wá ọ̀rinrin bíi ìdá 60 sí 70 nínú 100, àti ooru ìwọ̀n 20 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun èlò kékeré kan wà tí ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kò sì wọ́n. Ẹni tí kò ní in, àfojúbù ló ń ṣe.

Àwọn òfin yòókù kò ṣòro. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ tàn sí i. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kò sì gbọ́dọ̀ fara ti ògiri, nítorí omi ń gun ògiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe tú ìwé àti èèpo ọparun tí wọ́n fi dì í, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ó mí. Ẹ má ṣe kó sheng àti shou papọ̀ sínú àpótí kan, nítorí òórùn shou á ran sheng.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òórùn. Ewé tíì ń fa òórùn mọ́ra bí òwú ṣe ń fa omi. Ilé tí a ti ń dáná, ilé tí irú tàbí ẹja yíyan wà, ilé tí ọṣẹ, tábà tàbí tùràrí wà, kò sí èyí tó bá a mu nínú wọn. Àpótí aṣọ tí a da kàfúrà sí kò yẹ ẹ́ rárá; òórùn kàfúrà tí tíì fúnra rẹ̀ mú wá lẹ́yìn ogún ọdún yàtọ̀ sí èyí tó jí gbé nínú àpótí.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ èyí tí wọn kò pa mọ́ dáadáa? Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ tí wọ́n ká pamọ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹ fọ́ ọ wo àárín rẹ̀, nítorí èbu sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ bu omi lé e: bí omi rẹ̀ bá dà bí omi àgbàrá tí kò sì mọ́, bí ó bá ń ha yín lọ́fun tàbí tó ń gbẹ ọ̀fun yín bí ẹni mu eruku, ẹ gbé e kalẹ̀. Èyí tó bá hu nǹkan aláwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa rúsúrúsú, ẹ má ṣe mu ún, iye owó yòówù tí ẹ fi rà á. Ọtí tó bà jẹ́, inú oníwọra ló ń dà sí.

Nígbà tí ọjà já lulẹ̀

Ní ọdún 1995, òǹkọ̀wé kan ní Taiwan, Deng Shihai, tẹ ìwé jáde lórí Pu'er. Ìwé náà àti àwọn olówó tí ń wá tíì àtijọ́ kiri jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé tíì tó gbó lè níye lórí ju ti tuntun lọ. Láti ìgbà náà, owó Pu'er bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, àwọn tí kì í mu tíì pàápàá ti ń rà á jọ ní páálí páálí, wọ́n ní àwọn yóò tà á lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Yunnan kọ́ ilé, wọ́n ra ọkọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọjà ti já lulẹ̀. Ẹni tó rà á ní ọ̀wọ́n kò rí olùrà mọ́, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Menghai sì kógbá wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àgbàdo tàbí ẹ̀wà sílé mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi ara wọn. Ẹni tó ń pa àgbàdo mọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n mọ̀ pé ebi yóò pa ènìyàn, wọn yóò sì rà á jẹ. Ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra Pu'er, láti tún un tà ni wọ́n ṣe rà á. Nígbà tí gbogbo olùrà bá ń dúró de olùrà mìíràn, tí kò sí ẹni tó ń gbé ife sẹ́nu, ọjà kò ní ìpìlẹ̀ mọ́.

Owó tó gòkè tún bí ayédèrú. Àwọn kan ń fi omi wọ́n tíì tuntun kí ó lè tètè dúdú, wọn á sì pè é ní ti ogún ọdún. Àwọn mìíràn ń tẹ ìwé tuntun tí wọ́n sọ di ògbólógbòó. Abúlé kan wà lórí òkè Bulang tí ń jẹ́ Lao Banzhang, tí tíì rẹ̀ wọ́n gan-an. Èyí tí wọ́n ń ta kiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí abúlé náà lè mú jáde lọ.

Àní nọ́ńbà tí kì í ṣe ayédèrú lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ lè rí ìṣù tí wọ́n kọ 7542 sí lára, kí ẹnì kan sì sọ fún yín pé ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. 75 ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n gbé àpapọ̀ ewé náà kalẹ̀. 4 ni ìpele bí ewé náà ṣe tóbi tó. 2 ni nọ́ńbà ilé iṣẹ́ Menghai. 1 jẹ́ ti Kunming, 3 sì jẹ́ ti Xiaguan. Wọ́n ṣì ń ṣe 7542 títí di òní. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìṣù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní láti wá a níbòmíràn lára ìdì rẹ̀.

Bí ó bá dé ọwọ́ wa

Òwò láàárín wa àti ilẹ̀ Ṣáínà ń gbòòrò sí i, kì í sì í ṣe ohun ìyanu bí ẹnì kan bá gbé ìṣù Pu'er wá bá yín, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tàbí gẹ́gẹ́ bí ọjà. Ẹ rántí pé ojú ọjọ́ wa kò jọ ti Kunming. Ní Àjàṣẹ́, tí ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́, pàápàá ní àsìkò òjò. Ẹ gbé e sí yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀, lórí pákó, nínú páálí tí kò ní òórùn, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ọyẹ́, gbígbẹ ni yóò fẹ́ pọ̀ jù. Ẹ dé páálí náà kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má baà fa gbogbo òórùn rẹ̀ lọ. Ìlú yòówù kó jẹ́, ẹ má ṣe gbé e sí tòsí ibi tí kpayo wà. Wákàtí díẹ̀ pẹ̀lú òórùn epo bẹntiróòlù tó láti ba iṣẹ́ ogún ọdún jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé láti mu ni ẹ fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú shou. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹnu sì ń tètè mọ́ ọn lára. Bí ó bá jẹ́ láti pa mọ́, sheng tí ẹ ti tọ́ wò tí adùn rẹ̀ padà wá lọ́fun ni kí ẹ rà, díẹ̀ ni kí ẹ sì rà, ìwọ̀n tí ẹ̀yin àti ará ilé yín lè mu tán bí ọjà kò bá tilẹ̀ dé mọ́. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rà á àti ibi tí ẹ gbé e sí sínú ìwé kékeré kan nínú páálí náà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú, tó bá gbọ́n, ìwé kékeré yẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè.